Ohun tí Arlys Ń Pò Mu

Ìbẹ̀rù ló kọ́kọ́ dé ọkàn Delbert Kangas lọ́jọ́ tó rí Arlys Niemi. Ìfẹ́ tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ló ṣíwájú, kò sì tètè lọ.

Yàrá ìsàlẹ̀ ilé ìjọ Luther ni wọ́n wà, níbi tí àwọn àgbàlagbà ìlú Two Harbors ti máa ń ṣe eré ìdárayá láàárọ̀ nígbà òtútù, tí yìnyín bá ti sọ ojú ọ̀nà di ohun tí kò ṣeé rìn. Delbert jókòó sórí àga, ó ń gbé ẹsẹ̀ sókè sódò bí olùkọ́ ṣe ní kí wọ́n ṣe. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, tó wọ súwẹ́tà tó tóbi jù ú lọ. Nígbà tí wọ́n sinmi, obìnrin náà mú ike kan jáde nínú báàgì rẹ̀, ó da ìyẹ̀fun funfun sí i, ó bu omi lé e, ó dé e pa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì ín ṣìkìṣìkì.

Àyà Delbert já. Ó mọ irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀. Purotéènì ni, irú èyí tí àwọn tó ń gbé irin máa ń mu kí iṣan wọn lè yọ. Ẹnìkan ti sọ fún un rí pé ó máa ń ba kíndìnrín jẹ́. Bẹ́ẹ̀, kíndìnrín ló pa Lorna, ìyàwó rẹ̀. Ọdún gbọọrọ ló fi ń gbé Lorna lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, tó ń dì í lọ́wọ́ mú, títí ọwọ́ náà fi tutù mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kò lè pa á mọ́ra. "Ẹ jọ̀ọ́, ìyáàfin, ẹ má bínú o. Kí lẹ ń mu yẹn?"

Obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Símẹ́ńtì ni. Mo fẹ́ fi lẹ eegun mi pọ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Delbert kó tó mọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín báyìí kẹ́yìn.

"Arlys lorúkọ mi," obìnrin náà ní. "Ẹ̀yin ńkọ́, ọ̀gá ọlọ́pàá oúnjẹ?"

Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Arlys ti wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé títí ó fi fẹ̀yìn tì, gbogbo géńdé ìlú ló sì ti jókòó lẹ́yìn rẹ̀ rí gẹ́gẹ́ bí ọmọdé. Delbert ti ṣiṣẹ́ ní èbúté, níbi tí wọ́n ti ń da òkúta irin sínú ọkọ̀ ojú omi. Opó ni Arlys, òun náà opó. Kò pẹ́ tí Delbert fi ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé e lọ sílé. Kò pẹ́ tó fi ń wọlé mu kọfí. Nígbà tó yá, "ẹ" kúrò lẹ́nu wọn, wọ́n ń pe ara wọn ní "ìwọ", Arlys sì ń pè é ní "Deli mi".

Delbert fẹ́ràn rẹ̀. Kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí Arlys bá mi ike yẹn, á gbójú kúrò. Ike ìyẹ̀fun ńláńlá mẹ́rin ló wà lórí àpótí oúnjẹ Arlys. Janelle ọmọ Arlys ló ń kó wọn ránṣẹ́ láti ìlú Duluth, nítorí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó mú ìyá rẹ̀ lọ́dún tó kọjá ti gbọ̀n ọ́n gbẹ, oúnjẹ ò sì wù ú jẹ mọ́. Janelle ní kí ó máa mu ún láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, ife kíkún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní ilé ìdáná Arlys, Delbert gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀.

"Arlys, mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ ní nǹkan kan. Fi ìyẹ̀fun yìí sílẹ̀ nítorí mi."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó ń pa èèyàn?"

"Wọ́n ní ó ń ba kíndìnrín jẹ́."

"Ta ni wọ́n?" Arlys tún bi í pé, "Ṣé Lorna mu ún rí ni?"

"Rárá. Ìtọ̀ ṣúgà ló ṣe é."

"Deli, kí ló wá kan ìyẹ̀fun mi níbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀. Mi ò mọ nǹkan kan nínú ẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí o bá ti gbé ife yẹn sẹ́nu, ẹ̀rọ yẹn ni mo máa ń gbọ́ létí."

Arlys wo ọwọ́ rẹ̀ lórí tábìlì. Ọkùnrin tó ti fi ọwọ́ yẹn ti irin fún ogójì ọdún ń bẹ̀rù nítorí tirẹ̀. Ó dìde, ó gbé àwọn ike náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dà wọ́n sínú àpò ìdọ̀tí.

"Ó tán," ó ní. "Mu kọfí ẹ."

Delbert dúpẹ́ títí omi fi lé ròrò lójú rẹ̀. Ó rò pé òun ti gba ẹ̀mí kan là.

Ṣùgbọ́n Arlys kò fi nǹkan mìíràn rọ́pò ìyẹ̀fun náà. Búrẹ́dì bíbẹ lásán ló ń jẹ, pẹ̀lú kọfí. Nígbà mìíràn ọbẹ̀ inú agolo, ìdajì. Súwẹ́tà rẹ̀ túbọ̀ ń tóbi sí i lọ́rùn. Ní ìsàlẹ̀ ilé ìjọ, ó ń di àga mú kó tó lè dìde. Delbert rí i. Ó rí gbogbo rẹ̀, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé òtútù ni, pé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé á sàn.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, àga Arlys ṣófo. Delbert pè é lórí fóònù, kò gbé e. Kò dúró kí eré ìdárayá parí. Ó wa ọkọ̀ náà bí ẹni tí ọlọ́ṣà ń lé, táyà ń yọ̀ lórí yìnyín, ó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ sókè: "Kì í ṣe òun náà. Ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe òun náà."

Láti ojú gíláàsì ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó rí ẹsẹ̀ kan nílẹ̀ ilé ìdáná, pẹ̀lú sálúbàtà tó ti bọ́.

Kò mọ bó ṣe wọlé. Arlys dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ojú rẹ̀ là, ètè rẹ̀ funfun.

"Deli," ó ní, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. "Ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo ní kó dìde, ó kọ̀."

"Má sọ̀rọ̀. Mo ti pe ilé ìwòsàn, wọ́n ń bọ̀. Má ṣe sùn, Arlys, wò mí. Wo ojú mi."

Ó bọ́ kóòtù rẹ̀ bò ó. Nígbà tó gbé orí rẹ̀ lé itan, ó mọ̀ bí obìnrin náà ṣe fúyẹ́ tó. Ìbẹ̀rù tó mú un lọ́jọ́ náà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí ó ti mọ ẹni tó fà á.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní egungun ìbàdí rẹ̀ sán, kò kán. Janelle dé láti Duluth, obìnrin gíga tí apá rẹ̀ le bí ti ọkùnrin. Ó ti bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó wá bá Delbert ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Kangas, ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí ìyá mi da ohun tí mo rà fún un nù?"

"Èmi ni."

"Ṣé dókítà ni yín?"

"Rárá."

"Ẹ ti sin ìyàwó yín, ó dùn mí fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní fi ìyá mi tẹ̀ lé e lọ sínú ilẹ̀. Ẹ máa lọ sílé yín. Ẹ má padà wá."

Delbert dìde. Ó mú fìlà rẹ̀. Ìgbà náà ni Dókítà Okerlund, obìnrin kékeré onírun funfun, jáde láti yàrá Arlys, ó sì ní kí àwọn méjèèjì wọlé, nítorí aláìsàn ń béèrè wọn.

"Kíndìnrín màmá dá ṣáṣá," dókítà ní. "Ẹran ara ló ń gbẹ. Bí àgbàlagbà bá ń jẹ búrẹ́dì òun kọfí nìkan, iṣan rẹ̀ ni ara á máa jẹ. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bá dára, ìyẹ̀fun yẹn kì í bà á jẹ́."

Janelle kọjú sí Delbert. "Ẹ gbọ́?"

"Mi ò tíì parí, Janelle. Ife mẹ́ta lójúmọ́, ta ló ní kí ó mu tó bẹ́ẹ̀? Ó ń yó o débi tí kò fi fẹ́ oúnjẹ gidi mọ́. Ìjọba kì í yẹ ìyẹ̀fun wọ̀nyí wò kó tó dé ọjà. Wọ́n ti bá òjé, tó jẹ́ májèlé, nínú òmíràn. Èyí tí aláyẹ̀wò tí kì í ṣe ara àwọn tó ń tà á bá fọwọ́ sí ni kí ẹ rà. Ife kan lóòjọ́, kí ó fi ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà kún un. Ẹni tó bá ń jẹ ìwọ̀nyẹn ní àjẹyó ò tiẹ̀ nílò ìyẹ̀fun."

Arlys na ọwọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Janelle, èmi ni mo da ìyẹ̀fun yẹn nù. Ọkùnrin yìí bẹ̀ mí ni, kò fi tipá mú mi. Bí o bá lé e, ìwọ náà ń sọ ohun tí màá jẹ àti ẹni tí màá fẹ́. Mo ti ń wa bọ́ọ̀sì kó o tó mọ orúkọ ara rẹ."

Janelle bú sẹ́kún. "Mo rò pé ẹ máa kú ni, Mọ́mì." Ìgbà náà ni Delbert rí i pé ẹ̀rù kan náà ló ń ba òun àti ọmọ yìí.

Bí Arlys ṣe padà délé, Delbert di alásè. Ó ń dín ẹja adágún, ó ń se ẹyin, ó ń po ìyẹ̀fun tuntun tí Janelle rà mọ́ ògì óòtì. Ara Arlys ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Inú Delbert dùn débi pé òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í po tirẹ̀, ife fún ife. Ó ṣe tán, dókítà ti ní kò léwu.

"Èmi ló sọ fún," Arlys ní. "Ṣé wọ́n ti yẹ ìwọ náà wò?"

"Ara mi le bí òkúta."

"Mi ò bi ọ́ bóyá ara ẹ le."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Lorna, Delbert ò tíì jẹ́ kí dókítà kankan fọwọ́ kàn án. Ó rẹ́rìn-ín, ó yí ọ̀rọ̀ dà. Nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lójú adágún, ó kúnlẹ̀ ní ilé ìdáná náà, orúnkún rẹ̀ ń ró.

"Arlys, ìfẹ́ mi, fẹ́ mi."

"Màá fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n mi ò lè fẹ́ ọkùnrin tó ń sá fún dókítà. Jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ọ́ wò."

Janelle ló wa ọkọ̀ lọ. Dókítà Okerlund wo àbájáde àyẹ̀wò náà pẹ́.

"Kíndìnrín yín ò ṣiṣẹ́ tó ìdajì mọ́," ó ní.

Etí Delbert ń hó. Arlys ló béèrè. "Ṣé ìyẹ̀fun tí ó ń mu pẹ̀lú mi ló fà á?"

"Rárá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ti ń jẹ ẹ́ lábẹ́lẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyẹ̀fun ò dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrù ló ń dì kún ẹrù kíndìnrín tó ti rẹ̀. Ohun tó gbé màmá dìde lè wọ́ ẹ̀yin lulẹ̀. Ẹ má fi kan ẹnu mọ́."

"Ẹ̀rọ ńkọ́?" Delbert béèrè.

"Kò tíì débẹ̀. Bí ẹ bá ń lo oògùn, tí ẹ ń ṣọ́ ẹnu yín, ó lè má débẹ̀ láé. Mi ò lè búra."

Ní ibi tí wọ́n páàkì ọkọ̀ sí, Delbert kọ̀ láti wọlé.

"Mo dá ọ sílẹ̀, Arlys. Mo mọ ohun tó wà níwájú. Mo ti jókòó sórí àga yẹn rí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn. Mi ò lè fi ọ́ jókòó síbẹ̀."

Arlys gbá a mú ní kọ́là. "Ta ló béèrè lọ́wọ́ ẹ? Nígbà tí mo wà nílẹ̀, ṣé o ní kí n dá ọ sílẹ̀? O gbé orí mi lé itan ẹ."

"Èmi ni mo mú ọ ṣubú."

"O gbé mi náà. Deli, ẹ̀rù ń ba èmi náà, ó ń bà mí gan-an. Ṣùgbọ́n bí mo bá máa bẹ̀rù, ilé kan náà pẹ̀lú ẹ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rù."

Janelle, tó ti jókòó sídìí ọkọ̀, sọ gíláàsì kalẹ̀. "Ẹ wọlé, ẹ̀yin méjèèjì, òtútù ń wọlé. Bàbá, mo máa wá ẹni tó mọ oúnjẹ tí kíndìnrín yín gbà. Ẹ ò ní gbọ́ 'wọ́n ní' mọ́ nílé wa."

Ìgbà àkọ́kọ́ tó pè é ní bàbá nìyẹn.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà ní ìparí oṣù karùn-ún, ní yàrá ìgbàlejò Arlys, fèrèsé ṣí sí adágún. Arlys dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tí pásítọ̀ dé ibi "ní àìsàn àti ní àlàáfíà," ẹnu Delbert kọ̀. Ó mọ ohun tí àìsàn jẹ́. Janelle di ẹnu mú.

"Delbert?" pásítọ̀ ní.

"Ẹ̀rù ń bà mí," Delbert ní, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀. "Mo gbà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀: ẹ̀rù ń bà mí, mo sì gbà."

Pásítọ̀ wo Arlys bóyá ó fẹ́ kí òun tún béèrè. Arlys mi orí. Ó sún mọ́ ọkọ rẹ̀ títí èjìká wọn fi kanra.

"Ẹ kọ tèmi bẹ́ẹ̀ náà," ó ní.