Iṣẹ́ Abẹ Ojú Tí Mọ́rìlíátù Ò Sọ

Gbogbo ẹni tó ń gba omi àdúà lọ́wọ́ Alfa Jùnáídù ní àdúgbò Yantala nílùú Niamey ló mọ ìtàn ojú ìyàwó rẹ̀. Ojú òsì Mọ́rìlíátù ṣú nígbà tó wà n'Ìbàdàn, Alfa fi omi ránṣẹ́ láti Niamey, ojú sì là. Bí Alfa bá ti ń ròyìn ẹ̀, ìyàwó á rọra tẹrí ba, á ní Alihamudulilahi.

Ohun tí kò sọ ni pé lẹ́yìn tó mu omi náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú un lọ sí ọsibítù. Awọ ẹ̀yìn ojú ló ti ṣí kúrò láyè rẹ̀, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ padà. Alfa sì ti kìlọ̀ lórí fóònù pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi abẹ kan ojú ìyàwó òun. Ta ló fẹ́ lọ sọ fún un?

Ìgbà tó yá, tó ti lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Niamey, ojú yẹn tún gbé ìṣe rẹ̀ dé. Ó ń ro ó, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ò sì ríran mọ́. Oníbàárà á dúró tì í lápá òsì nísọ̀ tó ti ń ta aṣọ, kò ní í mọ̀. Oògùn ìkánsójú ò kápá ẹ̀, ni Alfa bá fara mọ́ iṣẹ́ abẹ. Òun ló mú un lọ sọ́dọ̀ Dókítà Sùmáyyà tó ń tọ́jú ojú, Alfa náà ló ń ṣe ògbufọ̀, nítorí Mọ́rìlíátù ò gbọ́ Faransé tó bẹ́ẹ̀.

"Gílọ́kómà ni," dókítà wí. "Omi inú ojú ò ráyè jáde, ó wá ń tẹ iṣan tí a fi ń ríran. Ṣé wọ́n ti ṣe ọpẹrásíọ̀n ojú yìí rí?"

Alfa ò tiẹ̀ yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Rárá o. Àdúà la fi wò ó."

Mọ́rìlíátù gbọ́ "ọpẹrásíọ̀n" yẹn dáadáa.

"Ẹ bi òun fúnra rẹ̀, Alfa," dókítà wí. "Mo rí àpá lára funfun ojú rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti ṣe é rí, ọ̀nà tí mo fẹ́ là fún omi lè tètè dí, ojú náà lè lọ pátápátá."

Alfa túmọ̀ ẹ̀ fún un. Bí Mọ́rìlíátù bá sọ̀rọ̀, ó dójú ti ọkọ rẹ̀ níwájú àjèjì. Bó bá dákẹ́, ojú ló máa fi san án.

"Ẹ má bínú, Alfa. Wọ́n ṣe é n'Ìbàdàn. Wọ́n tún fi òróró kan sínú ẹ̀ kó lè di awọ ẹ̀yìn ojú mú, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n fà á jáde tán."

Inú bí Alfa, ó hàn lójú rẹ̀. Síbẹ̀, ó kọjú sí dókítà. Ó sọ gbogbo rẹ̀ ní Faransé, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Ó tún fi kún un pé òun lòun kọ̀ fún un nígbà yẹn.

"Ó dáa tí mo gbọ́," dókítà wí. "A ó kọ́kọ́ wò ó bóyá òróró ṣì kù níbẹ̀. Ó jọ pé páìpù tín-ínrín kan la máa fi sí i tí á máa fa omi jáde, a ó sì mọ ibi tó yẹ ká gbé e sí. Ìríran tó ti lọ ò ní í padà. Èyí tó kù là ń dù."

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ojú ò ro ó mọ́, ìwọ̀nba ìríran tó ṣẹ́kù sì dúró. Alfa yan odì fún bíi ọjọ́ mélòó kan, àmọ́ òun náà ló ń bá a kán oògùn.

Ẹ̀yin ará wa, àdúà dáa, kò sì ní kí ẹ fi iṣẹ́ abẹ pamọ́. Bí wọ́n bá ti ṣe ojú yín rí, ẹ sọ fún dókítà, ibi yòówù kí wọ́n ti ṣe é. Ìwọ tó ń ṣe ògbufọ̀, bi aláìsàn léèrè, má bá a dáhùn. Ojú tí gílọ́kómà bá ti mú lọ, kò sí dókítà tó lè gbà á padà. Ìgbà tó ṣì kù ni kí ẹ sọ̀rọ̀.