Ẹ Káàárọ̀, Ẹ̀yin Ọmọ Mi

Ẹni tí ó wá gba iṣẹ́ olóògbé, olùkọ́ kọ̀ǹpútà ní ilé ẹ̀kọ́ kan, ni ó rí òkú rẹ̀. Arábìnrin kan tí ó mọ kọ̀ǹpútà dunjú ni; ilé ẹ̀kọ́ náà ti wá irú rẹ̀ tì kí ó tó yọjú. Ó ní kí òun kọ́kọ́ yẹ àwọn bátìrì tó ń fún kọ̀ǹpútà níná wò, ó sì fi irinṣẹ́ tú àgádágodo yàrá tí wọ́n kọ "Ewu Iná" sí lára. Igbe tí ó ké, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ló gbọ́ ọ.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀ pè ní Elétí-Ehoro ni wọ́n rán wá. Bí ó ti wọ yàrá kọ̀ǹpútà, ohùn ọkùnrin kan jáde láti inú ẹ̀rọ: "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, kò ní sá lọ." Ó yíjú wá ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

"Olóògbé nìyẹn," arábìnrin náà wí. "Wọ́n ní òun ló ṣètò rẹ̀. Láràárọ̀ ló ń kí wọn, kò sì sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹ̀rọ náà lẹ́nu mọ́ kí n tó dé."

Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ ń nu òógùn ojú. "A rò pé ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ló gbà á ni. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí, ibi gbogbo ló ń wá wọn lójú méjèèjì. Mẹ́ta ti lọ mọ́ mi lọ́wọ́! Ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. 'Má wá mi' ló kọ sí ìyàwó rẹ̀ pàápàá, ká má tíì sọ tèmi."

Elétí-Ehoro jáde kúrò níbẹ̀. Ó lọ bá ìyàwó olóògbé nílé, ó bá a létí bẹ́ẹ̀dì, fóònù lọ́wọ́.

"Àdúgbò ti ń sọ pé ó kọ̀ mí sílẹ̀," obìnrin náà wí. "Ìtìjú ò jẹ́ kí n fi àtẹ̀jíṣẹ́ yìí han ẹnikẹ́ni, títí kan ìyá mi."

Ohun tó wà níbẹ̀ ni: *Mo ti ríṣẹ́ síbòmíràn. Má wá mi.*

"Ọ̀gá, mo ju ọkọ mi lọ lọ́jọ́ orí. Látọjọ́ tá a ti mọra, 'ẹ' ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo bínú títí, ó ní, 'Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dáyé, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?' Ṣé ọjọ́ tó fẹ́ lọ ló wá ya aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni?" Ó bú sẹ́kún. "Ẹ ṣáà bá mi wádìí bóyá ó sá fún mi."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Elétí-Ehoro kó gbogbo wọn jọ sí yàrá kọ̀ǹpútà.

"Fóònù olóògbé ni wọ́n fi kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe òun ló kọ ọ́," ó wí. "'Ẹ má wá mi' ni òun ì bá kọ. Ìyàwó rẹ̀ ò sì fi han ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá àgbà, ta ló sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún yín? Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́."

Ọ̀gá àgbà la ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló fọhùn: "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi."

Ọkùnrin náà wó lulẹ̀. "Ẹ bá mi pa ẹ̀rọ yẹn! Wọ́n ní kó wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò níbòmíràn ni. Mo kàn tì í mọ́ yàrá bátìrì kí àsìkò rẹ̀ lè kọjá. Bátìrì kan jó, èéfín bo ibẹ̀. Nígbà tí mo padà, ó ti kú. Mo mú fóònù rẹ̀, mo fi kọ̀wé sí ìyàwó rẹ̀, àmọ́ mi ò lè gbé òkú rẹ̀ kúrò."

"Ó fẹ́ pààrọ̀ iṣẹ́ ni, màmá," Elétí-Ehoro sọ fún ìyàwó. "Kò sá fún yín."

Arábìnrin oníkọ̀ǹpútà nawọ́ láti pa ẹ̀rọ náà. Ìyàwó olóògbé di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Jọ̀ọ́, fi í sílẹ̀." Ó kọjú sí ẹ̀rọ, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, ọkọ mi."

Látọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òun náà fi "ẹ" dá a lóhùn.