Ìjókòó Iwájú Ọkọ̀ Saifudeen

Ọwọ́ ni Raliat kọ́kọ́ rí lára ọkùnrin náà: ọwọ́ dúdú, gígùn, tó ń kan pátákó iwájú ọkọ̀ kó, kó, kó, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Ó lajú. Ó tẹ̀lé ọwọ́ náà dé ejìká, ó ti ejìká dé ojú kan tó ń rẹ́rìn-ín láìkúrò lójú ọ̀nà.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sùn níwájú. Oorun a máa ràn. Tí ẹ bá sùn, èmi náà á sùn, gbogbo wa á jọ sùn, a ò sì ní jí."

"Àmín," ni obìnrin kan wí láti ẹ̀yìn ọkọ̀ kó tó ronú. Ó yára tún un sọ: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

Òfin ọ̀nà ni. Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tó bá jókòó ti dírẹ́bà ti gba iṣẹ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ bí ẹní. Oko ẹ̀gẹ́ ń lọ, oko àgbàdo ń bọ̀. Igi kajú díẹ̀ á dúró, ẹ̀gẹ́ á tún gba ipò rẹ̀. Èèyàn á wò ó títí, kò ní mọ̀ bóyá òun ti dé ìdajì ọ̀nà ni àbí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé.

"Kí ni kí n wá máa sọ?" Raliat béèrè.

"Ohun tó bá wù yín. Ẹ lè máa bú mi."

"Mi ò mọ̀ yín débi tí màá fi bú yín."

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí bí mo ṣe ń wakọ̀. Èyí tó kù á yọjú fúnra rẹ̀."

Raliat rẹ́rìn-ín, oorun sì dá lójú rẹ̀. Bàtà àti báàgì awọ tí bàbá rẹ̀, Àlàbí, ń rán ní Ọ̀yọ́ ló ń gbé lọ fún oníṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó sọ bí bàbá náà ṣe ń tú odindi báàgì nítorí ojú abẹ́rẹ́ kan tó wọ́. Dírẹ́bà ní Saifudeen lorúkọ òun, pé ìyá òun ń dáko ẹ̀gẹ́ ní Ìkòyí-Ilé. "Ẹ̀gẹ́ ló tọ́ mi dàgbà. Òun náà ló tún fẹ́ fi oorun pa mí."

Láti ọjọ́ náà, Raliat a máa dúró de tọ́ọ̀nù Saifudeen ní garéèjì. Àwọn agbèrò bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ìyàwó dírẹ́bà. "Ẹ" di "o" láàárín wọn, kò sì sẹ́ni tó lè sọ oko tí wọ́n ń kọjá nígbà tó yí padà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bó ṣe ń bá a sọ ẹrù kalẹ̀ ní Under G, Saifudeen ní:

"Raliat, mo fẹ́ fẹ́ ọ."

"Jẹ́ kí n rò ó," ni ó wí. Ó rò ó títí, kò rí ìdí rẹ̀.

Ibi ìrònú yìí ló wà tí bàbá rẹ̀ fi dárúkọ Mashood, ọmọ oníṣìmẹ́ǹtì. Ọmọlúàbí ni Mashood. Raliat wá àléébù rẹ̀ tì.

"Ẹbí wọn ń bọ̀ wá tọrọ rẹ lọ́jọ́ Àìkú," ni Àlàbí wí. "Tó o bá ní ẹlòmíràn, sọ ọ́ kí wọ́n tó dé. Mi ò ní pe èèyàn wá jókòó lásán. Mo gbọ́ nípa dírẹ́bà kan."

"Bàbá, kò tíì yé mi."

"Ohun tí kò bá yé ni, a kì í fi ṣe ọkọ."

Ní Ọjọ́bọ̀, ó lọ sí garéèjì láti sọ ọ̀rọ̀ Mashood fún Saifudeen. Ẹnì kan ti jókòó síwájú: nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Bùkọ́lá. Raliat wọ ẹ̀yìn. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí Saifudeen fi ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ má sùn o. Tí ẹ ò bá rí nǹkan sọ, ẹ máa bú mi."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Saifudeen náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó rín fún Raliat lọ́jọ́ kìíní gan-an. Raliat kọjú sí fèrèsé. Ẹ̀gẹ́. Àgbàdo. Ẹ̀gẹ́. Kò mọ èyí tó ń dun òun, kò sì mọ̀ bóyá ó yẹ kó dun òun. Ó sọ̀ kalẹ̀ láìdágbére.

Saifudeen pè é lórí fóònù nírọ̀lẹ́. "Kí ni mo ṣe?"

"Ṣé èmi lo fẹ́, àbí ẹnikẹ́ni tí kò bá ti sùn?"

"Mo fẹ́ sọ pé ìwọ ni. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà nìkan ni mo ti mọ̀ ọ́. Mi ò tíì bá ọ jókòó rí níbi tí kì í rìn."

"Èmi náà ò mọ̀ bóyá ìwọ ni mò ń fẹ́, àbí pé ọ̀nà gùn."

"Kí la fẹ́ ṣe?"

"Ẹbí ẹlòmíràn ń bọ̀ wá tọrọ mi lọ́jọ́ Àìkú. Wá sílé wa lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Má gbé ọkọ̀ wá."

Ó wá. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Àlàbí, ó jókòó sórí tìmùtìmù, ó sì dákẹ́. Àlàbí kò fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Wọ́n ní ẹnu rẹ lè gbé ọkọ̀ dé Ògbómọ̀ṣọ́ láìsí epo. Ibo lo gbé e sí lónìí?"

"Mi ò mọ ohun tí màá sọ, sà. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù kí ni?"

"Kí ẹ má lọ sọ pé ẹ ò ní fi Raliat fún mi."

Raliat wò ó. Kò sí ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Òógùn bo imú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ibi tí yóò gbé, nígbà tí kò sí ọkọ̀ láti wà. Iyì rẹ̀ gbogbo ti tán nílẹ̀, síbẹ̀ kò dìde. Raliat ń retí kí ọkàn òun là kedere. Kò là. Ohùn ara rẹ̀ ló kàn gbọ́, láìsí ẹni tó bi í:

"Bàbá, òun ni."

Àlàbí fa okùn já. "Ó ti wá yé ọ?"

"Kò yé mi tán, sà. Ṣùgbọ́n tó bá dìde lọ báyìí, màá tẹ̀lé e."

Bàbá náà yẹ ojú abẹ́rẹ́ wò.

"Màá ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé Mashood lónìí, kí wọ́n má baà náwó sí nǹkan kan. Ìwọ, kí àwọn àgbà rẹ wá."

"Màá fi ọkọ̀ mi gbé wọn wá lọ́la gan-an, sà."

"Ta ló máa gbé wọn? Ọkọ ìyàwó kì í wakọ̀ gbé àwọn tó ń bá a tọrọ ìyàwó. Lọ wá dírẹ́bà." Ó mú awọ mìíràn. "Raliat, àlejò ò tíì mu omi."

Raliat bu omi tútù sínú ife. Ó kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Saifudeen. Kò kúnlẹ̀ fún un rí. Saifudeen gba ife náà, ó dì í mú, kò sì rántí pé mímu ni wọ́n ń mu ún.