Èémí Tí Fanuel Kò Kà

Ọjọ́ Ajé ni Fanuel Mkwezalamba kọ́kọ́ rí i pé àyà òun ń tẹ̀lé bírò. Ó jókòó sídìí tábìlì rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, ní ilé ìwòsàn tó wà létí adágún, ó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ọmọ orí bẹ́ẹ̀dì kejì mí ní ìgbà mẹ́rìndínlọ́gọ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan. Kò tíì gbé bírò kúrò lórí ìwé tí àyà tirẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò, kíákíá, bíi ti ajá tó sáré nínú oòrùn. Ó di tábìlì mú. Kò sáré, kò gbé nǹkan tó wúwo, ara rẹ̀ kò sì gbóná. Ó tẹjú mọ́ aago ara ògiri, ó ka èémí ara rẹ̀ títí ìṣẹ́jú kan fi pé. Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni.

Ó ní ó rẹ òun ni. Ó mu omi, ó na ẹsẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó padà jókòó, ó kọ méjìdínláàádọ́ta fún ọmọ bẹ́ẹ̀dì kẹta, àyà rẹ̀ sì rọra bọ́ sí méjìdínláàádọ́ta.

Kí ẹ tó máa káàánú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún. Ìwádìí ni wọ́n ń ṣe ní wọ́ọ̀dù náà. Ọmọ tí òtútù àyà bá mú, wọ́n á fi rọ́bà tín-ín-rín sí i nímú, afẹ́fẹ́ á máa gba ibẹ̀ wọlé, ìdí rọ́bà kejì á sì wà nínú ìgò omi tó ń hó pútúpútú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ìgò omi lásán yìí lè gba ẹ̀mí ọmọ là níbi tí kò ti sí ẹ̀rọ olówó ńlá. Ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ọmọ tí ìgò kò bá ràn ni wọ́n máa ń gbé lọ sórí rẹ̀. Iṣẹ́ Fanuel ni pé kó dúró ti ọmọ kọ̀ọ̀kan ní wákàtí-wákàtí, kó ká aṣọ rẹ̀ sókè, kó wo àyà rẹ̀, kó ka èémí rẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú kan. Tó bá ti kọjá àádọ́rin, kó pariwo pe dókítà. Wọn kò ní kó gbé òkè.

Fanuel kì í kà á. Níbẹ̀rẹ̀, ó máa ń ka ìdajì ìṣẹ́jú, á sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Nígbà tó yá, ìdajì yẹn náà sú u. Ó ti mọ irú nọ́ńbà tí inú àwọn ọ̀gá máa ń dùn sí, ó sì ń kọ wọ́n láti orí àga. Gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ ló ṣeé pín sí méjì, kò sì sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé tí ọmọ kankan kì í mí ní ìgbà mọ́kàndínláàádọ́ta ní wọ́ọ̀dù yìí.

Ní Àbámẹ́ta tó ṣáájú ọjọ́ Ajé yẹn, bọ́ọ̀lù wà lórí tẹlifíṣàn nílé ọtí tó kọjú sí géètì. Ní aago méjìlá ọ̀sán, Fanuel kọ ti aago kan, ti méjì, ti mẹ́ta àti ti mẹ́rin sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì jáde. Tiyamike, ọmọ oṣù mẹ́rin, ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì karùn-ún. Falesi ìyá rẹ̀, tó ń sá ẹja usipa sóòrùn létí omi, àti Enelesi ìyá àgbà rẹ̀ ló ń ṣọ́ ọ. Lẹ́yìn aago kan, Falesi rí i pé ihò imú ọmọ ń fẹ̀, awọ ìhà rẹ̀ sì ń rì sáàárín eegun. Ó sáré lọ bá nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó wà fún ogójì ọmọ. Nọ́ọ̀sì wo fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi kọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyá Tiyamike, ẹ fọkàn balẹ̀," ó ní. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á ni. Méjìdínláàádọ́ta. Ó ń mí dáadáa."

Ó padà sọ́dọ̀ ọmọ mìíràn tí gìrì ń mú. Ní aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú, Tiyamike kú pẹ̀lú rọ́bà nímú. Ẹ̀rọ ńlá wà lófìfo ní yàrá kejì.

Aago márùn-ún ni Fanuel dé, ó ń kọrin nítorí pé àwọn tirẹ̀ borí. Ìyá Àgbà Enelesi ló pàdé lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Obìnrin náà kò sunkún. Fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti ní kí ẹnìkan kà á fún òun láti òkè dé ilẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Èmi kọ́ ni dókítà, Ìyá Àgbà. Ẹ pẹ̀lẹ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ni."

"Wọ́n ní ìwé yìí sọ pé ọmọ mi mí ní aago méjì."

Fanuel nawọ́ láti gba fọ́ọ̀mù náà, obìnrin náà sì fà á sẹ́yìn.

"Wọ́n ní ó tún mí ní aago mẹ́ta. Méjìdínláàádọ́ta. Aago mẹ́rin, àádọ́ta. Àbí irọ́ ni wọ́n pa fún mi?"

"Ìyá Àgbà, ọ̀rọ̀ ìwé nìyẹn. Kò lè tètè yé yín."

"Ẹ jẹ́ kó yé mi. Kí aago méjì tó lù ni mo ti fi aṣọ chitenje mi wé e. Èémí tí ẹ kọ yẹn, níbo ló wà? Ẹ bá mi wá a."

"Ẹ dákun, mo níṣẹ́ lọ́wọ́."

Ìyá Àgbà wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá gbé ojú sọ̀ kalẹ̀ sí àyà rẹ̀, bí ẹni tó ti rí ibi tí ẹrù òun wà.

"Ó dáa," ó ní. "Ìwọ náà á wá a."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè é ní ìwọ.

Wọ́n sin ọmọ náà ní ọjọ́ Àìkú. Ó yẹ kí àwọn obìnrin méjèèjì jókòó sílé kí àwọn ará àdúgbò wá kí wọn. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n padà sí ilé ìwòsàn, wọ́n dáná níbi tí àwọn tó ń ṣọ́ aláìsàn ti máa ń se oúnjẹ, wọ́n ń ro nsima, òkèlè ìyẹ̀fun àgbàdo, bíi pé wọ́n ṣì ní ọmọ nínú wọ́ọ̀dù. Kò sẹ́ni tó láyà láti lé wọn.

Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, ọ̀rọ̀ ti yé Fanuel. Tó bá dúró ti ọmọ, tó kà á pé, tó kọ ohun tó kà, ara rẹ̀ á balẹ̀. Tó bá purọ́ sínú ìwé, èémí tí kò sí lára ọmọ á máa jáde láti àyà tirẹ̀ títí wákàtí mìíràn á fi lù. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ń ti bẹ́ẹ̀dì bọ́ sí bẹ́ẹ̀dì, ó ń tẹ̀ ba, ètè rẹ̀ ń mì.

"Fanuel, kí ló ṣe ẹ́?" Nọ́ọ̀sì ń fi í rẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà wá di òṣìṣẹ́! Àbí o fẹ́ ìyàwó níbí ni?"

Kò rẹ́rìn-ín padà. Ẹ má rò pé ó ronú pìwà dà o. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ló ń gba iwájú ibi tí wọ́n ti ń dáná kọjá, kò sì dúró rí láti dá obìnrin yẹn lóhùn.

Ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Dókítà Kapichira tó ni ìwádìí náà pè é sí yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ láti Lilongwe lọ́la. Wo bẹ́ẹ̀dì karùn-ún. Ìwé mọ́ṣúárì ní kí aago méjì tó lù lọmọ kú. Ìwọ ń ka èémí ẹ̀ títí di aago mẹ́rin. Ṣé òkú lò ń kà ni, Fanuel?"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n fa igi lé e, kí n kọ ọ́ pé mi ò kà á."

"Kí wọ́n lè wá tú gbogbo fọ́ọ̀mù tó kù wò? Ọdún márùn-ún mi nìyẹn! Àbí o fẹ́ lọ máa bá wọn wọ́ àwọ̀n ládágún?" Ó ti fọ́ọ̀mù ikú tuntun kan sí iwájú rẹ̀. "Aago tó kú nìkan ló ń da nǹkan rú. Sún un síwájú. Èmi á bá àwọn mọ́ṣúárì sọ̀rọ̀."

Fanuel gbé bírò. Ó ro iṣẹ́ tí yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ro ojú tí àwọn èèyàn yóò máa fi wò ó. Ó kọ ọ́: aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó fọwọ́ sí i. Dókítà Kapichira fọwọ́ sí abẹ́ tirẹ̀, ó ya ìwé náà ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń náwó ìwádìí náà ní òkè òkun, ó wá tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù onírin.

Àyà Fanuel ti ń sáré kó tó dìde. Méjìdínláàádọ́ta. Ibẹ̀ ni orí rẹ̀ wú. Nọ́ńbà tó bá fi irọ́ kọ ló ń wá sí ara rẹ̀, lónìí sì nìyí, wákàtí ikú ló kọ. Ó wo aago ara ògiri. Aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú.

"Ọ̀gá, ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn! Ẹ jẹ́ kí n pa á rẹ́!"

"Ṣé orí ẹ dàrú ni? Ó ti lọ."

Nígbà tí wọ́n rí i pé kò lè dúró mọ́, wọ́n gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi rọ́bà sí i nímú. Omi ń hó nínú ìgò, afẹ́fẹ́ ń wọlé, kò sì kan ibi tí ìyà ti ń jẹ ẹ́. Dókítà fi ẹ̀rọ gbọ́ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ síwá sẹ́yìn, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Aago mẹ́ta lù, ó ṣì wà lórí méjìdínláàádọ́ta. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, ó sún sí àádọ́ta. Fanuel fa rọ́bà yọ, ó di ògiri mú, ó sì wọ́ ara rẹ̀ jáde lọ síbi iná.

"Ìyá Àgbà... ẹ dákun... ẹ gbà mí."

"Jókòó," Enelesi wí. Kò gbé ojú kúrò lórí ìkòkò. "Mi ò ṣe ẹ́ ní nǹkan kan, ọmọ mi. Ìbéèrè kan ni mo bi ẹ́, o ò dá mi lóhùn."

"Kí lẹ fẹ́... kí n sọ?"

"Ìyá ọmọ nìyẹn. Òun ni kó o sọ fún."

Falesi ń fọ àwo. Fanuel yíjú sí i, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ sáàárín èémí bó ṣe lè ṣe é.

"Mi ò kà á. Mi ò tiẹ̀... dé ìdí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀. Ká ní mo kà á ni... wọn ì bá gbé e... sórí ẹ̀rọ ńlá. Mo kọ ọ́ sílẹ̀... mo lọ wo bọ́ọ̀lù."

Àwo kan bọ́ lọ́wọ́ Falesi.

"Bọ́ọ̀lù," ó ní.

Bẹ́ẹ̀ ni àyà Fanuel ṣe rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èémí wọlé, ó jáde, ó dùn mọ́ ọn débi pé ó bú sẹ́kún. Ó wo fóònù rẹ̀. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

"Ẹ ṣé, Ìyá Àgbà. Ọlọ́run á san án fún yín. Ẹ ti dárí jì mí."

"Ta ló tún fọwọ́ sí ìwé ikú tó o ń torí ẹ̀ sáré yìí?"

"Dókítà Kapichira. Òun ló ní kí n kọ ọ́."

Ìyá Àgbà mi orí. Ó gbé ìkòkò kúrò lórí iná, ó nu ọwọ́ méjèèjì lára aṣọ rẹ̀.

"Òótọ́ ni tèmi, mo ti gbà á," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ṣìpẹ̀ fún ọmọdé. "Ti Tiyamike ló kù."

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Fanuel ṣí ẹnu láti bẹ̀bẹ̀. Èémí wọlé, kò jáde mọ́. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ títí tó fi ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ọwọ́ rẹ̀ sì ń wa ilẹ̀ díẹ̀ kó tó dúró. Àwọn kan figbe ta, wọ́n sá. Enelesi kúnlẹ̀ tì í, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àyà rẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú kan, bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é.

Nígbà tó dìde, ó tún chitenje rẹ̀ dì dáadáa.

"Falesi, yàrá dókítà yẹn dà?"

Falesi kò nawọ́ sí i. Ó dìde, ó sì ṣáájú.