Irin Tó Ń Fì ní Ṣọ́ọ̀ṣì Ẹ̀fọ̀n

Òwúrọ̀ Sátidé kan lọ́dún 1924 ni wọ́n ti Tíṣà Daniel àti àwọn àgbà ìjọ mọ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n ti gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí afẹ́fẹ́ má baà wọlé. Kóòtù funfun rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

Ẹnu rẹ̀ ló kó bá a. Ó kọ́ àwọn ọmọ iléèwé pé ayé ń yí, Baba Ìjọ Ọládèjì sì gbọ́.

“Tíṣà, ulé mi ṣì wà níbi tí baba mi kọ́ ọ sí,” ni bàbá náà wí. “Bí ayé bá ń yí, fi hàn wá. Opùrọ́ kì í fẹ́ ọmọ mi.”

Jemimah, tí òun náà wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, ni ọmọ ọ̀hún, ìgbéyàwó òun àti Tíṣà sì ku oṣù méjì.

Daniel yá ọmọ ìwọ̀n ńlá, irin tí wọ́n fi ń wọn kòkó, lọ́wọ́ Jimoh oníkòkó, ó fi okùn gígùn so ó mọ́ igi àjà. Ó fi eérú fa ilà tààrà sílẹ̀, ó sì jẹ́ kí irin náà máa fì lórí ilà, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ó gbé ìwé tó ti London dé sókè, ó ní ohun tí ìwé náà wí nìyí.

“Ayé tó ń yí lábẹ́ irin yìí ni yóò mú un yà kúrò lórí ilà. Kí wákàtí méjì tó pé, á ti fi ẹsẹ̀ bàtà kan yà.”

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Bí Tíṣà ti sọ ọ́ tán ni ẹ̀rù bà á, kò sì sí ibi tí yóò sá gbà.

Wákàtí kan kọjá. Ooru páànù ń bó wọn lára, kò sẹ́ni tó lè jáde. Nígbà tí ìkejì pé, Baba Ìjọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ wọn bí irin ti yà sí lórí ilà: ìka méjì.

“Ó yà o, Baba!” Jemimah kígbe láti orí bẹ́ńṣì àwọn obìnrin.

“Mo rí i. Àmọ́ ẹsẹ̀ bàtà kan ló wí. Tíṣà, ìwọ lo parọ́ ni, àbí ìwé rẹ?”

Daniel wo ìwé, ó wo ilẹ̀. Ta ni òun tí yóò bá ìwé London jiyàn?

“Ìwé kì í parọ́, Baba. Èmi ni. Bóyá afẹ́fẹ́ ló ti irin náà, kì í ṣe ayé.”

Jemimah bú sẹ́kún.

Wọ́n fi í fún ẹlòmíràn. Daniel lọ ń gbin iṣu ní Ìkòrò títí ó fi kú, ó sì ń pe ara rẹ̀ ní opùrọ́. Ó dun ni wọra. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ẹni tó kọ ìwé náà, London ló ti fi irin tirẹ̀ wò ó. Pé bí ilẹ̀ bá ṣe súnmọ́ ìlà agbedeméjì ayé tó ni irin ṣe ń yà díẹ̀ tó. Pé ní Ẹ̀fọ̀n, tó súnmọ́ ìlà náà ju London lọ, ìka méjì gan-an ló yẹ kó yà.