Ilé Tí Wọ́n Ti Ń Kí Aláró

"Ṣé ìgbín lo fẹ́ sè ni, tí o fi ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọwọ́ láàárọ̀ yìí?"

Àsíátù ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó ń fi ọsàn náà ha èékánná rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ aró kò kúrò. Ìyá rẹ̀, Sàfúrátù, ló sọ̀rọ̀ yẹn láti ìdí ìkòkò aró. Ọwọ́ tirẹ̀ dúdú dé ìgúnpá, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ n fọ̀ ọ́ ná, Màámi. Òde là ń lọ."

"Fọ̀ ọ́ o. Ọwọ́ aláró kì í funfun, àfi bí ebi bá ti wọlé."

Agbo ilé wọn ní Láfẹ́nwá ti kún jù. Ibi tí ìkòkò aró wà látijọ́ ti di yàrá ìyàwó tuntun àbúrò bàbá Àsíátù, ni wọ́n bá kó ìkòkò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ewúrẹ́. Lọ́jọ́ kan, òbúkọ kan já sínú aró. Ìgbà tó máa jáde, irùngbọ̀n rẹ̀ ti dú bí aró. Gbogbo agbo ilé rẹ́rìn-ín títí, àfi ẹni tó ni aró.

Ìdí nìyẹn tí Mùsílíù, bàbá Àsíátù, tó ń ta àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú, fi fẹ́ ra ilé. Méjì ló rí, ní ìlú méjì tí odò kékeré kan là láàárín, lẹ́yìn Abẹ́òkúta. Ọ̀kan wà ní Ìdí-Apá, èkejì wà ní Àgọ́-Olúbọ̀dé. Ọdún yẹn gan-an ni Àsíátù fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde girama.

"Ìwọ náà á bá wa lọ," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ojú ọmọdé a máa rí ohun tí àgbà fojú fò."

Ìdí-Apá ni wọ́n kọ́kọ́ dé. Ilé tí Ọ̀gbẹ́ni Herbert fẹ́ tà níbẹ̀ wuni. Ọ̀nà ọ̀dà wà níwájú rẹ̀, omi ẹ̀rọ wà lẹ́nu ilé ìdáná. Àsíátù tẹ bọ́tìnnì ara ògiri, iná ẹ̀lẹ́tíríìkì tàn yòò. Ó pa á, ó tún tàn án. Ó tún pa á.

"Má ba nǹkan onínǹkan jẹ́ o!" ni bàbá rẹ̀ wí.

Ìyá rẹ̀ ti bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé ní tirẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀. "Ìkòkò mẹ́ta á jókòó síbí dáadáa," ló ń dá sọ.

"Bí ẹ bá ti rà á, ilé yín ni," ni Ọ̀gbẹ́ni Herbert fèsì. "Ohun tó bá wù yín ni kí ẹ fi ẹ̀yìnkùlé ṣe."

Ta ni yóò máa tajà, tí yóò ní ọjà òun kò dára?

Péjú, ọmọ kíláàsì Àsíátù, ń gbé ilé tó tẹ̀ lé e. Ó sáré jáde, ó dì mọ́ ọn. "Àsíá! Ẹ bá wa ra ilé yìí jàre! A ó jọ máa kàwé lábẹ́ iná, a ó sì máa wo tẹlifíṣọ̀n wa." Ó fà á wọ ilé lọ kí ìyá òun, tó ń dín dòdò.

Àsíátù kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn. "Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Iṣẹ́ wo ni màmá rẹ ń ṣe?"

"Màmá mi... wọ́n wà nídìí aṣọ, mà."

"Ìyẹn dáa. Kó sáà ti má jẹ́ aláró. Ọ̀kan háyà ilé níbí lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, òórùn aró rẹ̀ kò jẹ́ ká jẹun. Gbogbo onílé ti fẹnu kò báyìí: kò sáyè aró ládùúgbò wa mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà bá Àsíátù bí omi òjò. Péjú mọ iṣẹ́ ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí wọ́n dé ìta, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Má sọ fún wọn o. Bí ẹ bá ti kó dé, ta ló máa lé yín?"

Àsíátù yíjú wo ilé Ọ̀gbẹ́ni Herbert. Iná tó tàn yòò yẹn ló ń rí.

Wọ́n kọjá odò sí Àgọ́-Olúbọ̀dé. Ilé bàbá àgbẹ̀ kan, Ògúnsànyà, tó fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ni wọ́n lọ wò. Páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà. Kò síná, kò sẹ́rọ omi. Kànga kan ló wà lẹ́yìn. Àsíátù ti fajú ro.

Ìyá àgbà kan tó wọ ẹ̀gbà idẹ ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà ilé kejì. Ìyá Ọ̀ṣúnwùmí ni wọ́n ń pè é. Ó kí wọn káàbọ̀, ó bu omi fún wọn. Bí Sàfúrátù ti nawọ́ gba ife, ìyá àgbà rí ọwọ́ náà. Ó gbé àwo ẹ̀gúsí kalẹ̀.

"Àrẹ̀dú o!"

Bí a ti ń kí àgbẹ̀ ní "àroko-bọ́dún-dé" la ń kí aláró ní "àrẹ̀dú": kí aró rẹ̀ rẹ aṣọ kó dú. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí Sàfúrátù ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. "Ẹ rọra da omi yẹn o" ni wọ́n fi ń kí i ní Láfẹ́nwá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ife náà mú.

"Àmín o, ìyá mi."

"Aláró ni ìyá tó bí mi lọ́mọ." Ìyá Ọ̀ṣúnwùmí fà á lọ sábẹ́ igi máńgòrò tó wà láàárín ilé méjèèjì. "Ibí ni ìkòkò wọn wà. Wo ilẹ̀." Ilẹ̀ náà ṣì dúdú bí aró.

"Ṣé òórùn ẹ̀ ò ní yọ yín lẹ́nu, mà?" ni Àsíátù béèrè.

"Òórùn kẹ̀? Ọmọ mi, òórùn ìyá mi nìyẹn."

Nínú ọkọ̀ Pìjó tó ń gbé wọn padà sílé, Mùsílíù ń fi ìka ṣírò owó ilé. Nígbà tó yá, ó ní, "Mo rí i pé ilé bàbá àgbẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ́kàn, Ìyá Àsíátù. Ṣùgbọ́n ọmọ fẹ́ ṣèdánwò, iná ló ṣe kókó. Lọ́la ni n ó lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Herbert parí ọ̀rọ̀. Kí lo wí?"

Sàfúrátù wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ibi tí ọmọ á ti rí ìwé kà ni tèmi. Aró á wá ibi jókòó sí."

Bí Àsíátù bá dákẹ́, ilé oníná di tirẹ̀. Ó ṣáà ń wo ọwọ́ ìyá rẹ̀.

"Bàámi, ẹ má ra ti Ìdí-Apá." Ó sì tú ohun tí ìyá Péjú sọ, àti èsì tí òun fún un, palẹ̀.

"Nídìí aṣọ!" Bàbá rẹ̀ yíjú sẹ́yìn, inú bí i. "Àsíátù, òótọ́ tí a bá gé sí méjì, irọ́ ni ìdajì rẹ̀."

"Ẹ fi í sílẹ̀, Bàbá Àsíátù. Ojú ló tì í." Sàfúrátù fa ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó gbé e lé tirẹ̀. "Ọsàn wẹ́wẹ́ kàn ta ọ́ lọ́wọ́ lásán ni, kò bó aró."

"Ọ̀gá, ẹ dúpẹ́ o," ni dẹ́rẹ́bà dá sí i. "Bó bá jẹ́ pé ẹ ti rà á tán kó tó sọ ńkọ́?"

Inú tó bí Mùsílíù rọ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín.

Ilé Ògúnsànyà ni wọ́n rà. Péjú bínú fún ìgbà díẹ̀. Àtùpà ni Àsíátù fi kàwé, èéfín sì ń kun imú rẹ̀. Nígbà mìíràn, iná Ìdí-Apá a máa tàn lódìkejì odò, yóò wò ó, yóò kanrí mọ́ ìwé rẹ̀. Ó yege nínú gbogbo iṣẹ́, àfi ìṣirò, tí kò bá a rẹ́ láti kékeré.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Péjú kọjá odò pẹ̀lú aṣọ funfun nínú àpò. "Màmá mi ní kí màmá rẹ bá àwọn pa á láró. Wọ́n ní kí ẹ má dárúkọ àwọn o."

"Sọ fún wọn kí wọ́n fọkàn balẹ̀," ni Sàfúrátù ké láti ẹ̀yìnkùlé. "Aró mi kì í sọ̀rọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àsíátù fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sídìí máńgòrò. Kò fi ọwọ́ pamọ́ mọ́. Níṣojú Péjú, ó kúnlẹ̀.

"Àrẹ̀dú o, Màámi!"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tó ń dán a máa fani lójú mọ́ra, ṣùgbọ́n kì í ṣe ògiri àti iná nìkan ni ilé. Aládùúgbò là ń rà ká tó ra ilé. Iṣẹ́ tí òbí wa fi tọ́ wa kì í ṣe ohun tí à ń fi pamọ́ sẹ́yìn.