Ìyá Ọkọ Lẹ́nu Ọ̀nà Igbó Ìnàkí

Ọwọ́ kan ni ọkùnrin yìí ṣàdédé rí. Ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ náà yọ láàárín ewé tútù, ó dúró gbọn-in lókè, gbogbo àlejò tó ń tò lẹ́yìn rẹ̀ sì dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìdájí tí wọ́n ti wọgbó, ẹ̀yìn amọ̀nà yìí nìkan ló ń rí. Ìgbà tí amọ̀nà yíjú padà wàyí ni ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i dáadáa: ọmọbìnrin dúdú kan tó ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀ nítorí ìjàlọ, tí ẹrẹ̀ mù ún dé orúnkún, tí ara rẹ̀ sì balẹ̀ bí ẹni tó jókòó ní pálọ̀ bàbá rẹ̀. Ó fa ìbomú sókè, ó júwe kí àwọn náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin tó ń wò ó yìí, onígbàjámọ̀ ni. Rédíò ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè é, torí bó bá ti gbé abẹ lọ́wọ́, ẹnu rẹ̀ ò ní sinmi títí irun á fi tán lórí ẹni.

Igi iwájú wọn ń mì. Ìnàkí ńlá kan, baba gbogbo agbo, sọ̀ kalẹ̀. Irun ara rẹ̀ dìde, ó fi ẹsẹ̀ gbá gbòǹgbò igi gbì, gbì, ó sì ń bọ̀ tààrà. Amọ̀nà ti kọ́ wọn tẹ́lẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sá, kí oníkálukú bẹ̀rẹ̀, kó di igi mú, kó sì panu mọ́. Àwọn yòókù ṣe bẹ́ẹ̀. Rédíò ní tirẹ̀ dúró ṣánṣán, ó ń bẹ ìnàkí bó ṣe máa ń bẹ àwọn ọmọ kéékèèké tó bá ń bẹ̀rù abẹ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní kí bàbá rọra, pé àwọn ò bá tìjà wá. Amọ̀nà gbá a ní kọ́là mú, ó fà á lulẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ìnàkí sì sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé.

Nínú ẹrẹ̀ yẹn, tó jẹ́ pé ẹyinjú amọ̀nà nìkan ló ń rí lókè ìbomú, ni ìfẹ́ ti mú un. Mi ò ní yí ọ̀rọ̀ náà ká: ó mú un pátápátá. Ní gbogbo àkókò tí wọ́n fi jókòó wo àwọn ìnàkí, tí àwọn ìyá ń tú irun ọmọ wọn wò, tí àwọn ọmọ sì ń fi ẹ̀ka igi ṣe jangirọ́fà, Rédíò ò sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ì bá ti pe dókítà.

Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, Rédíò ní kí amọ̀nà má bínú.

"Mi ò bínú," ni amọ̀nà wí. "Àmọ́ nínú igbó, èmi nìkan ni mò ń sọ̀rọ̀."

"Tá a bá wá dé ìta ńkọ́?"

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "A ò tíì dé ìta."

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Rédíò padà wá. Ó tún wá lẹ́yìn ìyẹn. Ó ní òun ń wá gẹrun fún àwọn òṣìṣẹ́ igbó ni, ó sì gẹ̀ ẹ́ fún wọn lóòótọ́, títí kò fi sí orí kan níbẹ̀ tó ní irun tó tó gẹ̀ mọ́. Bíṣẹ́ bá parí, àwọn méjèèjì á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yàrá amọ̀nà, níbi tí bàtà òjò rẹ̀ àti ẹ̀wù aláwọ̀ eérú kan máa ń gbẹ lórí okùn. Rédíò ń pè é ní ọ̀gá mi. Òun náà á ní, "Rédíò mi, yí ohùn ẹ wálẹ̀ díẹ̀," á sì gbé orí lé e léjìká kó lè máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni Rédíò ti mọ iṣẹ́ tó so olólùfẹ́ rẹ̀ mọ́ igbó. Agbo ìnàkí kan wà lókè odò tí kò tíì mọ èèyàn. Ọdún mélòó kan ni amọ̀nà ti ń lọ jókòó lọ́ọ̀ọ́kán wọn lójoojúmọ́, kí wọ́n lè máa rí i. Níbẹ̀rẹ̀, bí ewé bá ta pẹ́rẹ́, wọ́n á ti sá. Ní báyìí, wọ́n ń jẹ èso wọn lójú rẹ̀. Wọ́n mọ ìrìn rẹ̀, wọ́n mọ òórùn rẹ̀, wọ́n mọ ẹ̀wù eérú yẹn. Bó bá fi wọ́n sílẹ̀ báyìí, kò sẹ́ni tó lè kàn wọ bàtà rẹ̀ kó máa lọ. Ìnàkí tí kò bẹ̀rù èèyàn mọ́, tí kò sì ní alábòójútó, ọdẹ ló máa rí i pa. Rédíò gbọ́, ó mọ̀ pé òun ò lè ní kó kúrò níbẹ̀.

Ìyá Rédíò ní tiẹ̀ lè sọ bẹ́ẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù ni gbogbo àdúgbò ń pe mama yìí, torí òun ni olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìgbẹ̀bí kó tó fẹ̀yìn tì. Òkè ṣọ́ọ̀bù ọmọ rẹ̀ ló ń gbé, ibẹ̀ ló sì fẹ́ kí ìyàwó wá bá a. Ó ní ọmọ kan ṣoṣo lòun bí, òun ò sì ní fi í fún ẹni tó ń jókòó ti ìnàkí láti àárọ̀ dalẹ́. Rédíò bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní kó kọ́kọ́ wá fojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ ọmọ náà. Mama ní ó dáa, òun á wá, kóun lè mọ ohun tóun ń kọ̀ dáadáa.

Nígbà tí ọjọ́ ìrìn kù dẹ̀dẹ̀ ni ọ̀fìnkìn mú mama. Ẹlòmíràn ì bá sún un síwájú, àmọ́ Mátírọ́ọ̀nù kì í yẹ àdéhùn. Ó lo oògùn, ó fi róòbù para, ó fi páúdà bo imú tó ti pọ́n, ó sì kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ nínú ọkọ̀ pé kó má wí nǹkan kan.

Lẹ́nu ọ̀nà igbó, amọ̀nà kúnlẹ̀ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn àlejò wò lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe máa ń ṣe, torí ọ̀fìnkìn tá a máa fi omi gbígbóná lé lọ, ó lè pa ìnàkí. Nígbà tó kan mama, ó gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń gba imú jáde.

"Mà, ṣé ẹ ní ọ̀fìnkìn ni?"

"Eruku ọ̀nà ni," ni Mátírọ́ọ̀nù wí.

 Gbogbo ohun tí amọ̀nà fẹ́ láyé yìí, yàtọ̀ sí igbó, ọwọ́ obìnrin tó dúró níwájú rẹ̀ yìí ló wà. Bó bá ní "ẹ kọjá, mà," kò sẹ́ni tó máa bi í. Ó yíjú sí Rédíò.

"Ṣé eruku ni?"

 Rédíò wo ìyá rẹ̀, ó wo olólùfẹ́ rẹ̀.

"Ọ̀fìnkìn ni," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ má bínú, Màámi."

"Ẹ ò ní lè wọlé lónìí, mà," ni amọ̀nà wí. Kò kúrò lójú ọ̀nà. Ó kó àwọn tó kù, wọ́n wọgbó lọ.

Mátírọ́ọ̀nù jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ òrùlé páànù, ó kọ ẹ̀yìn sí ọmọ rẹ̀. Rédíò ò lọ síbì kan. Ó bẹ ìyá rẹ̀, ó sì sọ fún un pé bí amọ̀nà bá ṣì gba òun, òun ò ní fẹ́ ẹlòmíràn.  Oúnjẹ tí wọ́n gbé wá fún mama tutù sínú abọ́.

Lọ́sàn-án ni amọ̀nà jáde. Ó wá tààrà, pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára, ó kúnlẹ̀.

"Mà, mo lè máa bẹ̀ yín títí ẹ ó fi dárí jì mí. Ọ̀kan nínú àwọn ìnàkí ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lókè odò. Ọmọ náà ò tíì lè kúrò láyà ìyá rẹ̀. Bó bá kú, mi ò mọ ẹni tí mo máa bẹ̀."



"Wọ́ọ̀dù ọmọ tuntun ni mo ṣọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì," ni Mátírọ́ọ̀nù wí. "Kí ẹni tó ń wúkọ́ dé ẹnu ọ̀nà mi? Kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo bí eléyìí, ìyá ọkọ mi wá wò ó tòun ti ikọ́. Mo tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọdún méjì gbáko ni ò fi yọjú sí mi, ojoojúmọ́ ló ń dùn mí. Síbẹ̀, bó bá tún wá lọ́la, màá tún tì í." Ó nu imú rẹ̀. "Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà ni mo wá gbé àrùn bọ̀ wá bá ọmọ tuntun, torí pé mi ò fẹ́ gbà pé ara mi ò yá."

Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Orí wà ní ìlú kékeré tá a kọjá lójú ọ̀nà yẹn, àbí irun kì í hù níbẹ̀? Gbé ṣọ́ọ̀bù rẹ wá síbẹ̀. Ẹni yìí ò ṣeé gbé kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Bẹ̀ ẹ́ lójú mi, kí n gbọ́."

Rédíò kúnlẹ̀ ti olólùfẹ́ rẹ̀. "Ọ̀gá mi, jọ̀ọ́, fẹ́ mi."

"Mo gbà," ni amọ̀nà wí. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì láti dì mọ́ mama.

Mátírọ́ọ̀nù sún sẹ́yìn, ó na ọwọ́ dá a dúró.

"Dúró níbẹ̀, ìyàwó mi," ló wí. "Ọ̀fìnkìn ló ń ṣe mí. O ṣì máa wọgbó lọ́la."